Agoo Tí A Kò Dáhùn

Ràbí ọmọ mi, má tíì sá wọ yàrá. Jókòó. Na ẹsẹ̀ rẹ tó wú yẹn sórí àpótí, kí o gbọ́ mi. Nọ́ọ̀sì tó wá láàárọ̀ ní òun ń padà bọ̀ lẹ́yìn ìrun àlàásárì, mo sì mọ̀ pé o fẹ́ sá fún un. Wọ́n ti sọ fún ọ lọ́jà pé ìwé tó ń kọ orúkọ sí ni wọ́n máa fi lé àwa Aláta lọ, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí. Mi ò ní pè ọ́ ní ojo. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì yá nílẹ̀, tí mo jẹ́ ọmọdébìnrin níbí ní Cow Lane nílẹ̀ àwọn Gà, kò tíì pẹ́ tí ìjọba lé àwọn èèyàn wa. Ẹlòmíì fi ìsọ̀ sílẹ̀ tọjàtọjà. Bàbá mi rí ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà, ìyẹn la fi ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rù lọ? Kò lọ. Ìyá mi a máa wí pé, "Ẹni tó bá gbé ìwé àti bíírò dání, ẹ má dúró bi í léèrè ohun tó ń wá." Èmi ni wọ́n fi ṣọ́nà. Mo máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mò ń pa ẹ̀pà, abọ́ páànù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí mo bá ti rí àlejò, màá lu abọ́ náà. Gbogbo agboolé á dákẹ́ lójijì...

Ọjọ́ kan, mo rí obìnrin méjì, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n gbé ìwé ńlá àti àpótí dání. Mo lu abọ́. Mo lù ú paa! Ẹ̀gbọ́n mi Sáfù gbé Làsísì, ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, wọ́n rá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọmú dí i lẹ́nu. Ìyá mi sá sí balùwẹ̀. Ọbẹ̀ ń hó lórí iná. Nọ́ọ̀sì kan dúró lójúde, ó kágò bí àwọn ará ibí ṣe ń ṣe, ó ní, "Agoo!" Ta ló máa ní "amee", pé kó wọlé? "Agoo!" Kẹ́kẹ́ pa. Mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ lédè Gà pé, "Àwọn yìí ti lọ sílùú wọn. Kò sẹ́nì kankan nílé." Wọ́n bá kọjá sí agboolé àwọn Gà, wọ́n gún àwọn ọmọ ibẹ̀ lábẹ́rẹ́. Àwa ń rẹ́rìn-ín pé a ti bọ́. Ẹ̀rín òmùgọ̀!

Abẹ́rẹ́ èéyi ni. Nígbà tí èéyi wá dé, àwọn ọmọ agboolé kejì ń ṣeré níta. Làsísì ò lè lajú. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kú. Ẹ̀gbọ́n Sáfù ò bá mi wí, Ràbí. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n kàn mú abọ́ páànù yẹn, wọ́n gbé e sábẹ́ ẹrù, kò sì sẹ́ni tó tún fi jẹun mọ́. Títí dòní, bí abọ́ bá já lulẹ̀ nílé ìdáná, àyà mi á já.

Nígbà yẹn, ọsibítù gbà pé a ti lọ, kò padà wá wò. Tòde òní ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá wa nílé. Ìmáàmù ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n rán wá láàárọ̀ yìí gbọ́ Hausa tí èmi náà gbọ́, ó sì ní kí n bá òun wá ọmọ Aláta kan tí wọ́n á kọ́ níṣẹ́, kó lè máa bá wọn wọlé sọ́dọ̀ àwọn ìyá wa. Orí ẹní yìí ló ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ó béèrè orúkọ mi. Mo fẹ́ẹ́ pe ara mi ní Ama, orúkọ àwọn ọmọ ibí, bí a ti ń ṣe láyé ìjọ́un... orúkọ mi gan-an ni mo pè. Ó ní kí n ka àwọn ọmọ ilé. Mo ní kó kọ Làsísì. Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni, Màmá?"

Orí ń fọ́ ọ láti ìjẹta. Oyún oṣù méje! Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tìrẹ náà. Ṣé wọn ò ní lé wa mọ́ láé? Ta ló lè búra? Ayé tó yí lẹ́ẹ̀kan lè tún yí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé lè padà wá. Làsísì ò padà wá.

Gbọ́... ṣé o gbọ́ "agoo" yẹn? Òun ni. Má dìde.

Amee! Wọlé o, ọmọ mi. A wà nílé.