Pákò Tí Wọ́n Gbé Lọ sí Lábù

Bàbá Ọpẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ n wọlé. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu, torí tí mo bá ní kí n máa tò ó, màá bú sẹ́kún níwájú yín. Wọ́n ní èmi kì í ṣe ọmọ bàbá mi. Lónìí, níbi àdúà ogójì ọjọ́ bàbá mi, nínú pálọ̀ wa ní Ṣógúnlé níbí, Bùrọ̀dá Abdulmajeed, Májídì ọmọ ìyálé ìyá mi, dìde láàárín àwọn àlùfáà, ó ní DNA ti sọ̀rọ̀, ó ní kí Abdulhafeez kó ẹrù ìyá ẹ̀ kí wọ́n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi. Èmi tí mo ń gbé bàbá yẹn pọ̀n lọ balùwẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, tí Májídì wà ní Èjìgbò tó ń fi fóònù bèèrè pé ṣé ara ti yá.

Mo ní DNA wo? Ta ló gba ẹ̀jẹ̀ mi? Ṣé mo sùn tí wọ́n wá fà á ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn ò nílò ẹ̀jẹ̀, itọ́ ti tó. Ó ní lábù kan wà ní Ìsọlọ̀, lọ́nà Jakande, pé ohun kan wà nínú ara tí bàbá máa ń gbé fún ọmọ ọkùnrin nìkan, bí bàbá náà ṣe gbà á lọ́wọ́ bàbá tiẹ̀, pé ẹ̀rọ á wá ibi kékeré yẹn rí, á máa ṣe ẹ̀dà ẹ̀, á máa ṣe ẹ̀dà ẹ̀, títí tó fi máa pọ̀ tó ohun téèyàn lè kà. Ó ní wọ́n ka tòun, wọ́n ka tèmi, wọn ò jọra rárá. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, abọ́ sàárà wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ní níbo lẹ ti rí itọ́ mi? Fawziyyah ìyàwó ẹ̀ ló dáhùn, ojú ò tiẹ̀ tì í: "Pákò ẹ ni mo mú, nínú kọ́ọ̀bù ẹ, lójú fèrèsé balùwẹ̀, lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ mẹ́jọ. Mo fi ọ̀rá wé e." Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó wá ṣàdúà fún òkú, pákò ló ń jí.

Kọ́ọ̀bù wo, Bàbá Ọpẹ́? Kọ́ọ̀bù búlúù yẹn ni. Tèmi ni lóòótọ́, èmi ni mo rà á. Àmọ́ ta ló ń ki pákò bọ̀ ọ́? Ṣé èmi tí erìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti yọ eyín mi, tí búrọ́ọ̀ṣì mi wà nínú yàrá? Mo ti sọ fún yín títí pé ẹ wá kọ́ọ̀bù tiyín, ẹ ní ilé kan náà là ń gbé, ẹ ní kí ni kọ́ọ̀bù. Ó dáa, ẹ ti wá rí ohun tó ń jẹ́ kọ́ọ̀bù. Itọ́ yín ni wọ́n lọ kà, ẹ̀yin ará Iléṣà tẹ́ ẹ háyà yàrá lẹ́yìn ilé wa, wọ́n wá ní kò bá ti Májídì mu. Báwo ló ṣe máa bá a mu? Ẹ̀rọ yẹn ò parọ́ o. Ẹ̀rọ ò kàn mọ ẹni tó ni pákò ni, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ̀ ló máa kà. Àwọn tó gbé e lọ ni wèrè.

Mo pariwo ẹ̀, wallahi, mo ní pákò Bàbá Ọpẹ́ ni. Májídì ní kí n pè yín wá, pé tí ẹ bá lè fi Bíbélì búra níwájú gbogbo wọn, òun á gbà. Mo yíjú, ẹ ti lọ. Mo ṣì rí yín lórí bẹ́ńṣì níta tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ń jẹ mọ́sà sàárà wa, kí n tó ṣẹ́jú, bẹ́ńṣì ti ṣófo. Ẹ wọlé, ẹ pa rédíò. Ẹ má sọ pé ẹ ò gbọ́. Ògiri yìí, bíi páálí ni, mo máa ń gbọ́ ikọ́ yín.

Ẹ ní kí ni? Ẹ sọ ọ́ sókè. Ehn, mo mọ̀. Májídì ní tí òun bá ta ilé yìí, ẹni tó máa rà á ò ní lé yín, àbí? Ẹni tó ń lé àbúrò ẹ̀, ẹ̀yin ló máa wá fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò parọ́. Ó kó àwọn ọmọ kan wá láti Òṣòdì, wọ́n jókòó sórí ọ̀kadà lẹ́nu géètì. Ọ̀kan pè mí ní ọmọ àlè, jẹ́jẹ́ báyìí, bí ẹni ń pe orúkọ mi. Ẹ̀yìn ni mo gbà, mo fo fẹ́ǹsì, ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ rí lára mi nìyẹn.

Ẹ̀ẹ́n? Kí n lọ sí lábù fúnra mi, kí n ya ẹnu, kí wọ́n fi òwú nù ún, kó tán síbẹ̀? Ṣebí èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Mo sáré bá ìyá mi ní kíṣìnì, mo ní Màámi, ó ti tán, a máa lọ sí Ìsọlọ̀, èmi àti Májídì, màá ya ẹnu níṣojú ẹ̀, ojú á tì í. Inú mi ń dùn, ṣé ẹ gbọ́? Ìyá mi ń fọ abọ́. Kò wò mí. Ó ní, "Má lọ." Mo ní ẹ ní kí ni? Ó ní, "Abdulhafeez, má ya ẹnu ẹ fún ẹnì kankan. Bàbá ẹ mọ̀ ẹ́ lọ́mọ títí tó fi kú, ìyẹn ti tó." Ó wá tún ń fọ abọ́ kan náà, abọ́ tó ti mọ́.

Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, Bàbá Ọpẹ́. Kì í ṣe àwọn ọmọ Òṣòdì.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò bi í ní nǹkan kan, mi ò sì ní bi í. Bàbá tó ń gbé mi léjìká lọ sí ilé kéú, tó pe orúkọ mi kó tó dákẹ́, ẹ̀rọ wo ló fẹ́ ka ìyẹn? Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ò pọ̀. Ẹ lọ sí pálọ̀, ẹ sọ pé pákò yín ni. Òótọ́ ni, mi ò ní kẹ́ ẹ parọ́. Tí wọ́n bá wá ní kí wọ́n gba itọ́ tèmi, ẹ dákẹ́, ìyẹn ò kàn yín. Àmọ́ tí ẹ ò bá sọ ọ́, kí itọ́ yẹn korò mọ́ yín lẹ́nu títí ẹ fi máa kú. Mo ti sọ ọ́.

Ẹ gbọ́? Wọ́n ń pe orúkọ mi níta. Ẹ má tíì jáde, ẹ má sọ̀rọ̀. Irin tí ẹ fi ń ti ilẹ̀kùn yín yìí dà? Ó ti dípẹtà. Irin ti wọlé. Mo ti tì í. Ẹ sún díẹ̀, ẹ jẹ́ n jókòó.