Ajá Tí Àlàájì Fà Wálé

Mo wà lórí ìlà omi ẹ̀rọ nínú àgbàlá wa ní Ita Faji nígbà tí Àlàájì àgbàlagbà kan fi okùn fa ajá funfun kan dé, obìnrin tó ni ajá sì kọjú ìjà sí wọn.

"Ẹ̀yin náà lẹ fi ìgbálẹ̀ lé e jáde láàárọ̀! Tí mọ́tò bá ti pa á ńkọ́?"

"Mo lé e! Ṣé kí n máa wò ó kó máa sùn lórí ẹní ìkírun mi ni? Ta ló wá a kiri? Olówógbowó ni mo ti rí i, lábẹ́ tábìlì ẹlẹ́ran, tó ń gbọ̀n. Wo bó ṣe fi itọ́ ba ọwọ́ àti jalámíà mi jẹ́! Ẹ̀ẹ̀meje ni màá fọ ọwọ́ yìí kí n tó lè kírun Àìlá, ìwọ wá ń pariwo lé mi lórí!"

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹ nínú àgbàlá wa?"

"Gbọ́ mi dáadáa. Orí ẹní ni mo ti lé e. Mi ò lé e nílé."

Àlàájì na ọwọ́ mú bútà àlùwàlá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Obìnrin náà gbà á lọ́wọ́ wọn, ó kọjá gbogbo wa lọ sídìí ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó bá a wí pé ó já ìlà.