Táyé Ara Ògiri

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Èmi tí mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Àpápá wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin ayàwòrán kan tó mú ìyá rẹ̀ wá láti Ajégúnlẹ̀ wo àwòrán rẹ̀ tó wà lára ògiri wa.

"Ta ni onírùngbọ̀n yìí?"

"Táyé ni, Màmá. Mo ya fọ́tò ère ìbejì yín, mo ní kí AI orí kọ̀ǹpútà fi bí Táyé ì bá ṣe rí hàn mí, ká ní kò kú."

"Ère tí mò ń wẹ̀, tí mò ń fún lóúnjẹ?"

"Mo rò pé inú yín á dùn ni. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín."

"Láti ìgbà wo ló ti wà níbí?"

"Ó ti ń lọ sí ọdún kan."

Ìyá náà fọwọ́ kan gíláàsì àwòrán náà. "Kẹ́hìndé, gbogbo èèyàn ti rí ọmọ mi bó ṣe dàgbà. Èmi tí mo bí i ni mo rí i kẹ́yìn."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Fìlà ta ló wà ní igun ẹ̀ yìí?"

Fìlà mi ni. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń fi í kọ́ igun àwòrán náà. Mo sáré mú un kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kan ìṣó kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì gbé fìlà mi kọ́ síbẹ̀.