Èmi Ni Mo Dí Imú Ilé Ìwòsàn Ẹran

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹrù yìí ti wà láyà mi láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, mi ò sì rò pé n ó sọ ọ́ láéláé. Alhaja Sàfúrá ló fà á dé ẹnu mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀.

Kété lẹ́yìn òmìnira, akọ̀wé ni mí ní ilé ìwòsàn ẹran kan ní Ọ̀fà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun fún àwọn ẹran tó ń ṣàìsàn, èmi ni mo jókòó ro bí inú rẹ̀ yóò ṣe tura. Mo ní kí àwọn fèrèsé kọjú síra, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká kí oòrùn má baà lu ògiri, kí wọ́n sì dá ihò sí abẹ́ páànù kí ooru máa gba ibẹ̀ jáde.

Bàbá Lámídì, tó ń tọ́jú àwọn ẹran, wo àwọn ihò náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, ilé tìrẹ tiẹ̀ nímú!"

"Kódà bí ẹ bá dáná síbẹ̀, Bàbá, imú yẹn á mí èéfín rẹ̀ síta."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ wá wo ilé náà, ọ̀gá mi, dókítà ẹran, ní òun lòun ro gbogbo rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó yíjú sí mi: "Mìsí, lọ bu omi wá fún àwọn àlejò." Mo bu omi. Títí dòní mi ò dárí jì í, mi ò sì ní dárí jì í.

Àwọn àlejò mìíràn ń bọ̀ láti Ìlọrin. Mo pinnu pé ooru ni yóò kí wọn káàbọ̀. Mo gun orí àjà, mo fi àpò dí gbogbo ihò náà pinpin. Kí ojú ti ọ̀gá ni mo fẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ dé kí àlejò tó dé. Bàbá Lámídì ti fèrèsé, ó gbé ìkòkò ẹyín iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bí a ti ń ṣe fún abiyamọ nígbà òtútù. Òun náà sùn tì wọ́n. Èmi ni mo ṣáà sọ fún un pé ilé náà lè mí.

Nígbà tí mo débi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n ń da omi sí Bàbá lórí níta. Gbogbo ẹran ti kú. Ọmú ìyá ṣì wà lẹ́nu ọmọ ewúrẹ́ kan, àtìyá àtọmọ ti gan. Bàbá lajú, ó rí mi.

"Akọ̀wé, kí ló dé tí kò mí?"

Mo sá gun orí àjà. Mo yọ àwọn àpò náà kí ẹnikẹ́ni tó gòkè, mo sì sun wọ́n.

Ọ̀gá lé Bàbá kúrò níṣẹ́. Láti Ọ̀fà dé Ìjàgbó, Lámídì Apewúrẹ́ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn ló bá wọ sàréè.

Alhaja Sàfúrá ni ọmọ rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn Alhaja, obìnrin, ti rí àyè ní yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Mọ́mì, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìṣojú yín ló ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ ìran wa ò dáa fún ẹran."

Mo ní mo gbọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọmọ náà ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọwọ́ bàbá àgbà rẹ̀ mọ́, tèmi ni kò mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú ìyá tó ń pè mí ní Mọ́mì?