Mẹ́mọ́rì Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ìyá Maylín

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jókòó, ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọnú sàréè. Èmi Evelio tí gbogbo ìlú Cienfuegos ń gbé kọ̀ǹpútà wá fún láti tún ṣe, mo ṣe Hortensia, ìyá Maylín, níkà.

Ẹ mọ̀ pé mi ò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé tí ẹnìkan bá ṣẹ̀ mí, mi kì í gbàgbé. Nígbà tí Maylín pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èmi ni mo tún ẹ̀rọ orin ṣe fún ayẹyẹ ńlá tí a máa ń ṣe fún ọmọbìnrin ọjọ́ orí yẹn. Gbogbo èèyàn ń bá a ya fọ́tò nínú aṣọ ńlá rẹ̀, èmi náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Hortensia ní, "Evelio, jọ̀ọ́, sún kúrò níbẹ̀ ná, ẹbí nìkan ló wà fún." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sún kúrò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dì í sínú.

Maylín dàgbà, ó lọ sí Chile, ó bí Nayara síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kò lágbára mọ́. Bí wọ́n bá fi í pera wọn, ohùn á máa lọ, ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà á dì gbagidi bí ère. Láti inú ilé mi ni mo ti ń gbọ́ Hortensia lẹ́yìn ògiri: "Nayara, ọkọ mi, má dì mọ́, mìra díẹ̀ kí ìyá àgbà rí ọ." Maylín bá ra mẹ́mọ́rì, pátákó kékeré tó ń mú kí kọ̀ǹpútà yára, ó wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, ó fi rán ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé. Hortensia gbé kọ̀ǹpútà àti mẹ́mọ́rì náà wá bá mi.

"Evelio, bá mi fi í sí i. Mi ò tíì rí ọmọ yẹn kó rẹ́rìn-ín délẹ̀ rí."

Mo fi írésà ọmọléèwé nu etí mẹ́mọ́rì náà bí gbogbo àwa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti ń ṣe. Mo tì í, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo tan ẹ̀rọ náà, ó ń sáré. Ìkà ni mí! Mo yọ ọ́, mo sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ mi, mo mú irú mìíràn tí gígé àárín rẹ̀ kò bá ojú ihò ẹ̀rọ náà mu, mo fi han Hortensia nígbà tó padà wá gba ẹ̀rọ náà.

"Ẹ wò ó, Ìyá Maylín. Irú tí ọmọ yín rà kọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń gbà."

"Tí o bá tì í dáadáa ńkọ́?"

"Á kán. Ṣé ẹ fẹ́ kó kán?"

"Kí Maylín ra òmíràn?"

"Ẹ̀rọ yín ti gbó jù. Kó má fowó ṣòfò."

Ó wé irọ́ mi padà sínú ìbọ̀sẹ̀, ó ní, "O ṣeun, Ọlọ́run á san án fún ọ." Ẹ gbọ́, ó dúpẹ́! Mi ò tilẹ̀ lo mẹ́mọ́rì náà fún nǹkan kan.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Ó fọwọ́ tọ ògiri wá sílé mi. "Evelio, dókítà ní ojú mi ń lọ. Nínú gbogbo pàǹtírí rẹ yìí, ṣé kò sí mẹ́mọ́rì kan tó lè wọlé? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ rí ọmọ náà."

Orúnkún mi kan dúrọ́ọ̀ náà. Mo ní, "Kò sí." Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù.

Ìgbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo gbé mẹ́mọ́rì náà lọ bá a, mo fi í sí ẹ̀rọ rẹ̀, mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Nayara yọ sójú kọ̀ǹpútà, ó ń fò, ó ń jó. Hortensia kọjú sí ibi tí ohùn ti ń jáde.

"Ó ti ń hàn?"

"Ó ń hàn, ìyá."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń nawọ́ sí yín."

Òun náà nawọ́. Etí tábìlì ni ọwọ́ rẹ̀ bà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ohun tí ẹlòmíràn ń pòùngbẹ fún gbẹ̀san. Hortensia, mo mọ̀ pé ẹ wà láàárín wọn, ẹ sì ń gbọ́. Bí ẹ kò bá lè dárí jì mí lónìí, ẹ gbà mí láàyè kí n máa wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí ọmọ náà bá pè, kí n máa sọ bó ṣe ń dàgbà fún yín, níwọ̀n ìgbà tí èémí mi bá ṣì gbé mi.