Ìròyìn Oyún Mi Dé Ẹ̀júkù Kí N Tó Délé

Kò dá mi lójú pé mo jàre. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, n kò mọ èyí tó ju èkejì lọ. Ohùn mi kì í ròkè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kábà níbí máa ń sọ pé mo ń kọ́ àwọn bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n lánàá, mo pariwo, mo sì pariwo mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ bá mi yọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń retí, mo lóyún! Mo lọ sí ilé àyẹ̀wò aládàáni kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo ọmọ inú. Ìyá tó ni ibẹ̀ nàka sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Àǹtí olùkọ́, ẹ wò ó! Méjì ni!” Orí méjì, ọkàn méjì, wọ́n ń lù kìtìkìtì bí ẹni tó ń sáré bọ̀ wá bá mi. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Mo pinnu pé èmi àti ọkọ mi nìkan ni yóò mọ̀ títí ikùn yóò fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ṣebí a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ? Ká má tíì wá sọ ti ọmọ tí a kò tíì bí!

Kí n tó délé, ìyá ọkọ mi ti pè láti Ẹ̀júkù, ìlú ọkọ mi, pẹ̀lú ìkíni ilé wa. “Okun o, ìyàwó mi! Ìbejì! Èmi lo fi pamọ́ fún, o wá fi han gbogbo Kábà!” Ó ń bínú, ó ń jó, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú fóònù.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ilé àyẹ̀wò náà ti gbé àwòrán àwọn ọmọ mi sí ìkànnì wọn lórí ayélujára, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí aráyé bá olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan yọ̀, ìyàwó ará Ẹ̀júkù, tí Ọlọ́run fi ìbejì dá lóhùn. Nígbà tí mo padà lọ bá ìyá náà, ẹ̀rín ló ń rín. “Àǹtí, ṣé a dárúkọ yín ni?” Ní Kábà! Ta ni yóò tún béèrè orúkọ lẹ́yìn ìyẹn? Ó ní àwòrán náà ti ń mú kí àwọn aboyún rọ́ wá, pé bí mo bá gbà kó wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni gbogbo àyẹ̀wò mi títí n ó fi bímọ. Ara mi rọ̀. Àbí kí ni mo tilẹ̀ ń fi pamọ́? Ayọ̀ kọ́ ni? Ìwé tí mo kà ní yunifásítì sọ pé ẹ̀tọ́ èèyàn ni àṣírí rẹ̀. Kò sọ ohun tí èèyàn ń ṣe fún ẹni tó fi ìdùnnú tú àṣírí náà. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo lọ sílé.

Lánàá, mo tún lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀dọ́bìnrin kan, ará Ayewa, jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ó wo ikùn mi. “Ẹ kú oríire, Àǹtí. Wọ́n gbé tèmi náà síbẹ̀ nígbà yẹn. Oyún yẹn bà jẹ́, àwòrán rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Títí di òní, wọ́n ń bi mí pé ọmọ ńkọ́.” Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ omi. Kọ̀ǹpútà wọn sì wà níwájú wa, wọ́n ṣí i sílẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn pásíwọ́ọ̀dù, oyún gbogbo wa tò sójú rẹ̀ bí ọjà orí àtẹ.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó dùbúlẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ béèrè ibi tí àwòrán yín ń lọ. Èmi kò béèrè. Wọ́n pè mí wọlé, ìyá náà gbé ẹ̀rọ lé ikùn mi, ìró ọkàn méjì náà sì kún yàrá, kìtìkìtì, kìtìkìtì. Ayọ̀ gbé mi dìde jókòó. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó ròkè dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ayewa níta:

“Màámi, ẹ yọ ọ́ kúrò! Ẹ yọ tèmi, ẹ yọ ti ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti kọ̀ǹpútà yín. N ó máa san owó mi. Ìròyìn àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹnu ìyá wọn ni yóò ti jáde!”