Ìkíni Tí Mo Fi Bo Ìbéèrè Mọ́lẹ̀

Ẹ̀rù ohùn ara mi ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, orí mi kò dàrú. Bí aago mẹ́fà àárọ̀ bá ti ń súnmọ́, tí àwọn ẹlòmíràn ń po ògì fún ọmọ wọn, èmi á ti gbá fóònù mi mú, nítorí mo mọ̀ pé ní àkókò yẹn gan-an ni ohùn mi ń wọ yàrá onílé, tó ń kí ìyá ọlọ́mọ, tó sì lè máa ṣe ọmọ náà ní ibi. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi sì ń fi mí yangàn kiri. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí ló kù.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ní ọsibítù kan níbí ní Àgbádárìgì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fọ egbò, tí mo ń rẹ ọmọ lẹ́kún, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé mo lẹ́nu dídùn. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà wa, ọmọbìnrin kan tí kò ju àkọ́bí mi lọ, fi ránṣẹ́ pè mí nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun kan dé. Bí a bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tí a sì dá a padà sílé, fóònù ìyá rẹ̀ á máa dún láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ohùn kan á bi í ní ìbéèrè, òun á sì tẹ nọ́ńbà láti fi dáhùn. Bó bá tẹ oókan, ara ọmọ dá. Bó bá tẹ eéjì, àmì pupa á yọ lójú kọ̀ǹpútà wa, a ó sì ké sí i kíákíá. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é wá. Dókítà ní, "Màmá, ẹ bá wa sọ ọ́ di tiwa. Ohùn yín ni mo fẹ́."

Ó ka àwọn ìbéèrè náà fún mi: Ṣé ọmọ ń bì? Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ṣé ikùn rẹ̀ wú? Ṣé ojú egbò ń rùn? Mo fò dìde. Mo ní, "Háà, Dókítà! Kí ẹ pe ìyá ọlọ́mọ ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ máa ka ibi sí i létí? Wọ́n á ní à ń ṣépè fún wọn ni." Mo rán an létí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Mo bá tún gbogbo rẹ̀ tò. Mo fi ohùn tí mo fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún sọ pé: "Ẹ kú ojúmọ́ o, ìyá wa. Ṣé dáadáa ni ọmọ wa jí? Ṣé ara ń le sí i? Bó bá jẹ́ a dúpẹ́ ni, ẹ tẹ oókan. Bí nǹkan kan bá wà, ẹ tẹ eéjì." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn ọ̀gá tó gbé ẹ̀rọ náà ti Èkó wá ní irú èyí gan-an ni àwọn ń wá. Ẹ wo bí orí mi ṣe wú!

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí mo ti ṣìnà, àbí ẹ kò tíì rí i? Bí àgbà bá kí yín láàárọ̀ pé ṣé dáadáa lẹ jí, kí lẹ máa ń sọ? Bí òrùlé yín bá ń jó lọ́wọ́, ẹ ó kọ́kọ́ ní a dúpẹ́ kí ẹ tó ké iná. Èmi tí mo dàgbà sínú ìkíni, èmi ni n kò rò ó.

Ọmọ ọdún méje ni Sènámi, ìyá rẹ̀ sì ń yan ẹja ní Ìworò. Ẹ̀gùn ni wọ́n. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló dá ìfun ọmọ náà lu, dókítà rán ojú ihò náà, wọ́n sì lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀rín. Láràárọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń sọ pé oókan ni wọ́n tẹ̀. Ọkàn wa balẹ̀. Ní ọjọ́ keje ni ìyá rẹ̀ já wọlé tòun ti ọmọ ọdún méje ní ẹ̀yìn. Ikùn Sènámi ti wú, ó le bí igbá. Ojú egbò ti là, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Ọmọ náà kò sunkún. Ẹni tó bá ti tọ́jú ọmọ rí mọ̀ pé ọmọ tí kò lè sunkún mọ́ ló ń dẹ́rù bani jù. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n tún gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Mo fi ìbínú dojú kọ ìyá rẹ̀ níta. Mo ní, "Kí ló dé tí o fi ń tẹ oókan? Ṣé o kò rí ọmọ ni?"

Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ń kí mi láàárọ̀, àbí? Ohùn yín nìyẹn. Ẹ kí mi, mo dá yín lóhùn. Mò ń dúró kí ẹ kí mi tán, kí ẹ wá bi mí nípa àìsàn rẹ̀. Ẹ kò bi mí. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bì títí, ìka mi ti dé orí eéjì. Mo ní, Màwú o, Ọlọ́run mi, àgbà ń súre fún ọmọ mi, ṣé èmi ìyá rẹ̀ ni màá fi ọwọ́ ara mi kọ̀ ọ́? Mo rò pé bó bá burú ni, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ á bi mí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Sènámi kò kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ wọ́n gé lára ìfun rẹ̀, ó sì tó oṣù méjì kó tó lè nàró rìn.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an kò tíì dé. Àwọn ọ̀gá padà wá, wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n ní àìmọ̀wé ìyá náà ló fà á, pé kò mọ oókan yàtọ̀ sí eéjì. Dókítà yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi àgbà wà níbẹ̀, mo sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń bẹ̀rù iṣẹ́ mi, mo ń bẹ̀rù orúkọ mi, mo ń bẹ̀rù ọ̀nà tí ọmọbìnrin yẹn yóò gbà wò mí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òpè ni ìyá Sènámi. Ìyá tó dáhùn ìkíni àgbà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé!

Láti ìgbà náà ni mo ti da nọ́ńbà àwọn ìyá kọ sínú ìwé kékeré kan. Kí ẹ̀rọ tó pè wọ́n láàárọ̀, èmi á ti fi fóònù tèmi pè wọ́n. N kì í kí wọn mọ́. "Ṣé ó bì? Ṣé ó yàgbẹ́? Fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, kí n gbọ́ bóyá ó máa ké." Ìyá kan ní Agbálátà bi mí bóyá mo fẹ́ kó bì ni. Wọ́n ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì arúgbó náà ti di oníwàkuwà. Kí wọ́n máa sọ ọ́.

Mọ́kànlá ni wọ́n lóṣù yìí. Láàárọ̀ òní, mẹ́wàá gbé e. Ìkọkànlá, ìyá ọmọ ọdún mẹ́rin kan tó ń gbé lódìkejì ọ̀sà, fóònù rẹ̀ kò wọlé rárá. Ọjọ́ karùn-ún iṣẹ́ abẹ ọmọ rẹ̀ lèyí. Mo sá lọ bá dókítà. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó tẹ oókan lánàá."

Mo mú àpò mi, mo jáde. Etí ọ̀sà ni mo wà báyìí, mò ń dúró kí ọkọ̀ kún, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ̀yin ará, bí mo bá débẹ̀ tí ọmọ náà ń ṣeré, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí níwájú dókítà, níwájú ìyá Sènámi? Bí mo bá débẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn mọ́.